Bí ẹ ṣe lè jókòó sílé kẹ́ ẹ máa ṣọ́ yìnyín orí òkè Kilimanjaro

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe sọ ara mi di ẹni ẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà lọ́fẹ̀ẹ́, mo ṣí Kilimanjaro, mo mú àwòrán oṣù kejì ọdún kan, mo tún mú ti oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni mo bá rí i pé èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn funfun gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sáré gba orí WhatsApp lọ, mo ní irọ́ ni gbogbo àwọn tó ń sọ pé yìnyín òkè yẹn ń tán lọ ń pa, kò tán, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ jù mí lọ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Oṣù wo ni wọ́n ya ìkejì?" Ó tán. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún lòjò ńlá máa ń rọ̀ lápá ibẹ̀, òjò tó bá sì bọ́ sórí òkè tó ga tó mítà 5,895 kì í jẹ́ omi mọ́, sínóò ni. Àgbádá ni mo rí, mo ní ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sanra.

Torí kó má báa ṣe yín bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìnyín yìí ná

Nílé tiwa, ohun tí a mọ̀ sí yìnyín lèyí tó máa ń bá òjò wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń lu páànù gbàgbàgbà, táwọn ọmọdé á sá jáde lọ máa ṣà jẹ, tí ìyá wọn á máa pariwo. Ìyẹn kọ́ là ń sọ níbí o. Sínóò lèyí tó ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú, táwọn èèyàn wa tó wà ní Kánádà máa ń ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sílé lọ́dún àkọ́kọ́ (lọ́dún kejì wọn ò ní ránṣẹ́ mọ́, wọ́n á máa ṣépè fún un ni). Gílásíà wá yàtọ̀ sí méjèèjì. Sínóò tó ń kó jọ lórí ara wọn lọ́dọọdún, tí tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí atẹ́gùn inú ẹ̀ fi jáde, tó fi di yìnyín gbagidi, tó wá wúwo débi pé ó ń rọra rìn lọ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀, òun ni gílásíà. Tẹ́ ẹ bá rọ sínóò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní ìbú, ní gígùn àti ní gíga, ó lè má ju bí i kílò 100 lọ, ṣùgbọ́n yìnyín gílásíà tó bá kún àpótí kan náà á súnmọ́ kílò 900. Sínóò lè bọ́ lónìí kó má sí mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gílásíà, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ń wò wọ́n látojú ọ̀run, funfun làwọn méjèèjì.

Kí ló dé tó jẹ́ Kilimanjaro

Nílẹ̀ Áfíríkà, ibi mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù tí gílásíà wà: Kilimanjaro ní Tànsáníà, òkè Kenya ní Kẹ́ńyà, àti àwọn òkè Rwenzori tó wà lẹ́nu ààlà Ùgáńdà àti Kóńgò. Kilimanjaro ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ torí orí ẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́, àwọn èèyàn sì ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1848, nígbà tí míṣọ́nnárì kan tó jẹ́ ará Jámánì, Johannes Rebmann, kọ̀wé pé òun rí sínóò lórí òkè kan létí ibi tí oòrùn ti mú jù láyé, ọ̀mọ̀wé kan wà ní Lọ́ńdọ̀n tó jókòó sílé tó ní ojú ọkùnrin náà ló ń ṣe é. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i ṣá. Nígbà tó di 1912, Fritz Klute àti Eduard Oehler lọ sórí òkè náà, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, látinú fọ́tò yẹn ni wọ́n ti ya máàpù, ibi tá a ti ń kà nìyẹn títí dòní. Yìnyín ẹ̀ nígbà náà tó kìlómítà onígun mẹ́rin 11.4. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ̀n ọ́n ní 2011, ó ku 1.76. Ká ní náírà 10 ni wọ́n bá lọ́wọ́ ẹ̀, ó ku náírà kan àti bí i 50 kọ́bọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa lò

Láptọ́ọ̀pù, íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé kékeré kan àti sùúrù. Fóònù náà lè ṣe é ṣùgbọ́n ojú á ro yín. Ẹ má dáńlóòdù nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán Sentinel-2 (sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù) kan ṣoṣo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì kan odidi, dátà ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́gbọ́n yẹn, iná sì tún lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi Google Earth Pro mọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni, ó ní bọ́tìnnì kan tó dà bí aago tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tẹ́ ẹ fi máa rí àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá. Ẹ máa fà á sọ́tùn-ún fà á sósì títí ojú yín á fi mọ orí òkè náà bí ẹ ṣe mọ àdúgbò yín, ibi tí kòtò ńlá àárín wà, ibi tí yìnyín apá àríwá wà, ibi tí ti gúúsù ti ń já wálẹ̀. Ẹ má fò ó o, ẹni tí ò mọ ojú òkè máa pe òkúta ní yìnyín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ìkànnì Copernicus Browser, ẹ fi ímeèlì ṣí àkáǹtì, ẹ kọ Kilimanjaro síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Ibẹ̀ lẹ máa rí àwòrán Sentinel-2 láti 2015, tí tó-tó-tó kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀, ìyẹn píksẹ́lì, jẹ́ mítà 10 ní 10. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìgbà tó ti pẹ́ jùyẹn lọ, Landsat, sátẹ́láìtì àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ máa wá, wọ́n kó àwòrán ẹ̀ sórí ìkànnì wọn, EarthExplorer, gbogbo ayé ló ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2008. Landsat 5 bẹ̀rẹ̀ ní 1984, Landsat 8 ní 2013, Landsat 9 ní 2021, píksẹ́lì tiwọn jẹ́ mítà 30 ní 30. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán tó ní ìlà dúdú ìlà dúdú bí aṣọ tí eku jẹ, Landsat 7 nìyẹn, nǹkan kan bàjẹ́ lára ẹ̀ ní 2003, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù yín.

Mímú oṣù, ibi tí gbogbo wàhálà wà

Òjò méjì ni wọ́n ní lọ́hùn-ún, ti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún tó pọ̀, àti ti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá tí ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wá àwòrán yín láàárín méjèèjì, oṣù kìíní sí ìkejì, tàbí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Oṣù kẹsàn-án lèmi máa ń mú torí èyí tó bọ́ nígbà òjò ńlá á ti lọ púpọ̀ nígbà yẹn. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ ò gbọ́dọ̀ yí i padà. Tẹ́ ẹ bá fi oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án lẹ máa wò láti 1984 títí dé ọdún tá a wà yìí.

Mímú oṣù nìkan ò sì tó, torí sínóò lè bọ́ lóru ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn kó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ wo gbogbo àwòrán tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin márùn-ún yẹn, kẹ́ ẹ mú èyí tí funfun ẹ̀ kéré jù, kì í ṣe èyí tó rẹwà jù o, mo mọ̀ pé èyí tó funfun báláú ló máa wu yín láti fi sórí Facebook, ẹ mú èyí tó ní àwọ̀ eérú tó rí jákujàku yẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọdún méjì mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn yẹ ara wọn wò: èyí tó wà níbẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀ ni gílásíà, èyí tó ń wá tó ń lọ, sínóò ni.

Ìkùukùu ńkọ́? Òun náà funfun, ó sì fẹ́ràn òkè. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń tú u láṣìírí. Sátẹ́láìtì ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú àwa ò rí, SWIR ni wọ́n ń pè é, nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn sínóò àti gílásíà dúdú nítorí wọ́n ń gbé e mì, ìkùukùu ní tiẹ̀ á ṣì máa tàn. Lórí Copernicus Browser, ẹ tẹ SWIR, ẹ máa rí i pé yìnyín di búlúù, ìkùukùu ṣì funfun. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìbòjú lójú eégún.

Ìṣirò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà ò le. NDSI ni wọ́n ń pè é:

NDSI = (àwọ̀ ewé − SWIR) ÷ (àwọ̀ ewé + SWIR)

Ká ní ibì kan, 0.7 ni ti àwọ̀ ewé, 0.1 ni ti SWIR. 0.6 ÷ 0.8 jẹ́ 0.75, yìnyín nìyẹn. Ibòmíràn, 0.7 àti 0.5, 0.2 ÷ 1.2 ò tó 0.17, ìkùukùu ni. 0.4 lọ sókè làwọn èèyàn sábà máa ń pè ní sínóò tàbí yìnyín. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí sátẹ́láìtì ń rí ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí wọ́n fi B ṣáájú. Tó bá jẹ́ Sentinel-2, B3 (àwọ̀ ewé) àti B11 (SWIR) lẹ máa lò, Landsat 8 àti 9, B3 àti B6, Landsat 5, B2 àti B5, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tó kẹ́yìn yẹn nítorí nọ́ńbà ẹ̀ yàtọ̀, ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé NDSI ò mọ sínóò yàtọ̀ sí gílásíà o. Ọwọ́ yín àti kàlẹ́ńdà yín nìyẹn wà.

Bí ẹ ṣe máa kà á

Píksẹ́lì Landsat kan jẹ́ 30 lọ́nà 30, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 900. Tẹ́ ẹ bá ka 1,500, 1,500 lọ́nà 900 jẹ́ 1,350,000, ìyẹn kìlómítà onígun mẹ́rin 1.35. Ẹni tí ò lè lo QGIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe máàpù, lè fi ohun ìwọ̀n tó wà lórí Copernicus Browser fúnra ẹ̀ fa ìlà yí yìnyín náà ká, á sọ bó ṣe fẹ̀ tó fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láì wo ti tẹ́lẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe jìnnà síra wọn tó, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n tó. Etí yìnyín ni wàhálà máa ń wà, torí ìdajì píksẹ́lì á jẹ́ yìnyín, ìdajì á jẹ́ òkúta, bí yìnyín náà bá sì ṣe ń já sí wẹ́wẹ́ ni etí ń pọ̀ sí i. Yìnyín ńlá apá àríwá tó jẹ́ odidi tẹ́lẹ̀, nígbà tó fi máa di 2012, ó ti pín sí méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà yín bójú mu, ẹ wá Randolph Glacier Inventory, wọ́n ti fa ìlà yí gílásíà gbogbo ayé ká síbẹ̀, ẹ gbé tiyín lé tiwọn.

Ẹ má sáré sọ pé "ó yọ́"

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ayé ń gbóná, yìnyín Kilimanjaro ń yọ́, ó dùn létí, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín ooru ọdún kan dọ́gba, bí i 7 sísàlẹ̀ òdo ló máa jẹ́. Kí ló ń gbé e lọ nígbà náà? Ẹ rántí káńfọ̀ tí màmá yín máa ń jù sínú àpótí aṣọ. Ó ń kéré, ó ń kéré, ọjọ́ kan ẹ ṣí àpótí, kò sí mọ́, aṣọ ò sì tutù. Kò di omi rárá, afẹ́fẹ́ ló bá lọ. Bí púpọ̀ nínú yìnyín orí Kilimanjaro ṣe ń lọ nìyẹn, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń lá a. Ògiri yìnyín tó dúró ṣánṣán níbẹ̀ ń jẹ oòrùn ní tààrà, tòkè náà tí sínóò tuntun ò bò mọ́ á di àwọ̀ ìdọ̀tí, àwọ̀ ìdọ̀tí sì ń gba oòrùn mọ́ra bí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú ní ọ̀sán gangan.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi òkè yìí ni pé, sínóò tó yẹ kó máa bò ó ńkọ́? Àwọn tó ti wádìí ẹ̀, bí Georg Kaser àti Thomas Mölg, sọ pé láti ìparí àwọn ọdún 1800 ni afẹ́fẹ́ apá ibẹ̀ ti gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi tó ń wá láti Òkun Íńdíà ò pọ̀ bíi ti àtijọ́. Ẹnì kan á gbọ́ èyí, á ní "ẹ ò rí i, kì í ṣe ayé tó ń gbóná!" Rárá o. Òkun tó ń gbóná wà lára ohun tó ń yí òjò padà. Ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀. Lórí òkè Kenya àti Rwenzori tí ò ga tó o, yíyọ́ gan-an pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí náà ẹ má gbé àlàyé òkè kan lọ fún òkè míì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òjò wé yìnyín, CHIRPS ní àkọsílẹ̀ òjò láti 1981, ERA5 ní ti ojú ọjọ́ láti 1940, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì. Ẹ tún wá iṣẹ́ Douglas Hardy, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ sórí yìnyín apá àríwá ní ọdún 2000, wọ́n sì máa ń ri ọ̀pá mọ́ inú yìnyín láti mọ bí ojú ẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀. Ọ̀pá kan tó yọ síta ní mítà kan sí i, ẹ fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀, iye omi tó ti lọ nìyẹn.

Ẹ sọ ojú kalẹ̀ wo igbó

Ẹni tó bá ń wo yìnyín nìkan ò tíì wo òkè. Àwọn Chagga ló ń gbé lẹ́sẹ̀ Kilimanjaro, wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí pọ̀ sójú kan, wọ́n sì ní ojú omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láti ayébáyé, mfongo ni wọ́n ń pè é, tó ń gbé omi wá láti inú igbó dé oko. Lókè oko wọn ni igbó wà, lókè igbó ni àwọn igi kúkúrú bíi Erica, lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa kan Dendrosenecio kilimanjari, ewéko kan tó ga ju èèyàn lọ tó wọ ewé gbígbẹ ẹ̀ bí ẹ̀wù òtútù, kó tó wá di ilẹ̀ gbígbẹ, kó tó di yìnyín.

Wọ́n máa ń sọ pé tí yìnyín yẹn bá tán, omi tán fún àwọn ará ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó ló ń fún wọn lómi, òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ àti kùrukùru tó ń gba àárín igi kọjá, tí ewé àti èéhọ̀n ń gbà sílẹ̀ kán-kán-kán. Andreas Hemp tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí òkè yẹn fi hàn pé iná tó ń jó igbó òkè ń gba omi lọ́wọ́ wọn ju yìnyín tó ń tán lọ. Ojú ọjọ́ tó gbẹ tó ń pa yìnyín, òun náà ló ń jẹ́ kí iná rí igbó jó. Nítorí náà lẹ́yìn NDSI, ẹ ṣe NDVI náà, B8 àti B4 lórí Sentinel-2, ìyẹn ń fi ibi tí ewé tutù wà hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná oṣù kẹwàá 2020, ẹ wo òkè náà ṣáájú oṣù yẹn, ẹ wò ó lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa rí ojú àpá náà kedere.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí sínóò ń bọ́

Ẹ ní àǹfààní tí àwa tá a wà nílé ò ní. Ẹ wá agolo kan tí ẹnu àti ìdí ẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, ẹ dojú ẹ̀ dé inú sínóò títí á fi kan ilẹ̀, ẹ fi nǹkan pẹlẹbẹ gbá a nísàlẹ̀ gbé e jáde, ẹ kọ bí sínóò náà ṣe ga tó sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé agolo wọlé kó yọ́ (ẹ má gbé e ka iná, á gbẹ), kẹ́ ẹ wá wọn omi tó kù. Sínóò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lè má fún yín ju omi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun táwọn onímọ̀ ń wá lórí òkè nìyẹn gan-an, iye omi tó wà nínú ẹ̀, gíga ẹ̀ nìkan ò sọ nǹkan kan. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ CoCoRaHS ń gba irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dara pọ̀. Inú àgbàlá yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, ẹ má tìtorí agolo gun òkè, sínóò orí òkè lè ya lulẹ̀ lórí èèyàn, gílásíà sì ní kòtò jíjìn tí sínóò bò lójú tẹ́ ẹ máa tẹ̀ bí ilẹ̀.

Àkọsílẹ̀ wá. Ọjọ́, oṣù, ọdún, orúkọ sátẹ́láìtì, bó ṣe fẹ̀ tó lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkùukùu wà tàbí kò sí, sínóò tuntun wà tàbí kò sí. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fún fáìlì, ẹ fi ọdún àti oṣù ṣáájú, bí 2016-09, wọ́n á to ara wọn fúnra wọn. Tèmi àkọ́kọ́ ń jẹ́ "yìnyín tuntun ìkẹyìn 2", mi ò rí i mọ́ títí dòní.